CSET lẹ́nu iṣẹ́: irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún ààbò ẹ̀rọ omi àti iná

CSET jẹ́ irinṣẹ́ kọ̀ǹpútà tó ń bi yín ní ìbéèrè nípa ààbò ẹ̀rọ yín, tí ẹ sì lè fi ya àwòrán nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín. Idaho National Laboratory ló ṣe é fún CISA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò kọ̀ǹpútà. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí Windows láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Fún àwa tí à ń ṣọ́ ẹ̀rọ omi àti iná n'Iléṣà, èyí wúlò gan-an, torí pé àwòrán nẹ́tíwọ́ọ̀kì irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó kúrò nínú ọgbà.

SQL LocalDB tó ń bá a wọlé, ibi tí CSET ń kó dátà pamọ́ sí, ló sábà máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Bí sector díìsìkì (ègé kékeré tí díìsìkì pín sí) bá ju 4KB lọ lórí Windows 11, kò ní dìde, CSET náà kò sì ní ṣí. Ẹ tẹ fsutil fsinfo sectorinfo C: kí ẹ fi wò ó kí ẹ tó máa yọ ọ́ kúrò, tí ẹ tún ń gbé e padà.

Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́, kò kàn wá, a ní ọ̀nà mìíràn: ìdáhùn tí ẹ lè mú sí ìbéèrè CSET kọ̀ọ̀kan nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni ló léwu jù. Àwọn òṣìṣẹ́ á ní àwọn ń fi ẹ̀dà fáìlì pamọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ti dá a padà sórí ẹ̀rọ wò rí. Ẹ lóṣòó tì wọ́n bí òṣómàáló títí ẹ̀rí yóò fi jáde, kí ẹ sì so fáìlì ẹ̀rí náà mọ́ ìbéèrè yẹn.

Apá àwòrán ló dára jù lójú mi. Bí kò bá sí firewall (ohun tó ń dí ọ̀nà mọ́ àlejò tí a kò pè) láàárín kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì àti PLC, kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí pọ́ǹpù, CSET á sọ ọ́. Modbus, èdè tí a fi ń bá PLC sọ̀rọ̀, tó ń gba ẹnu ọ̀nà (port) 502, kì í béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà rárá; ẹni tó bá dé ibẹ̀ lè dá pọ́ǹpù dúró. Nítorí náà, ẹ fẹsẹ̀ rìn tọ wáyà kí ẹ tó ya àwòrán náà. Módẹ́ẹ̀mù 4G tí ẹnjiníà so mọ́ PLC kó lè máa wo pọ́ǹpù láti ilé rẹ̀ kì í sí nínú ìwé kankan.

Òfin Nàìjíríà kò sí nínú CSET. Òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti 2015, ní abala 21, fún wa ní ọjọ́ 7 láti fi ìkọlù tó ngCERT, ọ́fíìsì ìjọba Nàìjíríà tó ń gba ìròyìn ìkọlù orí kọ̀ǹpútà, létí. Àtúnṣe 2024 sọ ọ́ di wákàtí 72. Owó ìtanràn ẹni tí kò bá sọ ọ́ lásìkò jẹ́ mílíọ̀nù 2 náírà. Bí dátà àwọn oníbàárà bá tú síta, òfin ààbò dátà ti 2023 tún ní kí ẹ sọ fún NDPC, àjọ ìjọba tó ń rí sí ààbò dátà, láàárín wákàtí 72 kan náà. Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé ọ̀tọ̀: ta ni yóò kọ àkókò tí ẹ kọ́kọ́ rí i sílẹ̀, ta ni yóò fi ìròyìn ránṣẹ́. Ẹ yẹ aago PLC wò pẹ̀lú. Bí bátìrì inú rẹ̀ bá ti kú, ìgbàkígbà tí NEPA bá mú iná lọ ni aago náà ń padà sẹ́yìn, àkókò inú àkọsílẹ̀ yín kò sì ní bá ti kọ̀ǹpútà mu.