"Theatre" àbí "theater": èwo ni ká kọ?

Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ l'Ọ́ffà ò yé bi mí, "Àǹtí, èwo gan-an ni ká kọ?" Ìtumọ̀ kan náà ni o, ilé eré orí ìtàgé, àti iṣẹ́ tíátà fúnra ẹ̀. -re ni ti ìlú Gẹ̀ẹ́sì, -er ni ti Amẹ́ríkà.

Ká sọ ti ìrọ̀rùn, -er rọrùn torí bó ṣe ń dún nìyẹn, -re ló máa ń dààmú wọn, ọmọ kan kọ "theatere," ó pa á rẹ́, ó tún kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ títí ìwé fi lu. Ibi tó léwu jù lójú tèmi ni kéèyàn da méjèèjì pọ̀ nínú àròkọ kan.

Ìlò náà yàtọ̀ díẹ̀. Níbí, tí wọ́n bá ní wọ́n ti gbé ìyá wọ tíátà l'ọ́sìbítù, iṣẹ́ abẹ ni. L'Amẹ́ríkà, "operating room" ni wọ́n ń pè é, "movie theater" wọn sì ni sinimá tiwa.

Tó bá jẹ́ WAEC tàbí Unilorin lò ń kọ ọ́ fún, -re ni kó o lò. Tó bá jẹ́ iléèwé Amẹ́ríkà, -er. Àmọ́ orúkọ ibì kan, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ni kó o kọ ọ́: American Ballet Theatre, New York ni wọ́n wà, -re náà ni wọ́n ń lò.