BA II Plus lọ́wọ́ ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ MBA ní Àkúrẹ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé MBA ní Àkúrẹ́, ẹ má tíì náwó lórí ìwé ńláńlá. Ẹ̀rọ ìṣirò Texas Instruments BA II Plus ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rà, bí olùkọ́ yín bá ti ní wọ́n gbà á wọ yàrá ìdánwò. Wọn kì í gba fóònù níbẹ̀.

Bọ́tìnì márùn-ún ló gbé e níyì: N (iye ìgbà tí wọ́n máa san owó), I/Y (èlé), PV (owó tí wọ́n yá lónìí), PMT (owó tí wọ́n ń san nígbà kọ̀ọ̀kan), FV (owó tó máa kù níkẹyìn). Ká ní ìyá oníṣòwò kan ní Ọjà Ọba fẹ́ yá N500,000, èlé 2% lóṣù, tí yóò san án tán lóṣù 12. Ẹ tẹ 2ND, FV, kí iṣẹ́ àtẹ̀yìnwá lè pa rẹ́. 12 N, 2 I/Y, 500000 PV, 0 FV, lẹ́yìn náà CPT (bọ́tìnì tó ń ní kí ẹ̀rọ ṣírò) PMT. Á gbé -47,279.80 jáde. Àmì ìyọkúrò yẹn kì í ṣe àṣìṣe: owó tó ń jáde lápò ló ń sàmì sí.

Ibi tó dùn jù nìyí. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń yáni lówó kì í ṣírò báyẹn. Orí N500,000 ni wọ́n ti ń gba 2% lóṣooṣù, bí gbèsè tilẹ̀ ń dínkù. Àpapọ̀ á di N620,000, ìyẹn N51,666.67 lóṣù. Ẹ tẹ 51666.67, +|-, PMT, kẹ́ ẹ wá tẹ CPT I/Y: 3.48! Èlé tí wọ́n pè ní 2 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. (Bẹ́ ẹ bá gbàgbé +|-, Error 5 lẹ máa rí.) Ohun tó yẹ kí ìyá yẹn mọ̀ kó tó tọwọ́ bọ̀wé nìyẹn, ẹ̀yin lẹ sì lè ṣí i hàn án.

Àléébù rẹ̀ tó burú jù ni P/Y, ìyẹn iye ìgbà tí wọ́n ń san owó lọ́dún. Bó bá wà lórí 12, á fi 12 pín 2 yẹn, á gbé 42,119 jáde, kò sì ní kìlọ̀ kankan. 2ND, I/Y, 1, ENTER ló ń tún un ṣe. Òmíràn: 3+2×4 á di 20 dípò 11, àfi tẹ́ ẹ bá wọ FORMAT tẹ́ ẹ sì yí Chn (tó ń ṣírò bẹ́ ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́ tẹ̀léra) padà sí AOS (tó ń kọ́kọ́ ṣe ìsọdipúpọ̀).

BA II Plus Professional, ẹ̀yà rẹ̀ mìíràn, ní MIRR (ọ̀nà kan láti ṣírò ìdá èrè ìdókòwò) àti payback (àkókò tí owó ìdókòwò fi máa padà wọlé), ṣùgbọ́n èyí tó wọ́pọ̀ tó o. Bátìrì CR2032 kan ló ń lò; ẹ ra àfikún sápò ṣáájú ìdánwò. Kẹ́ ẹ tó kúrò nísọ̀ ẹni tó ń tà á, ẹ ṣe ìṣirò N500,000 yìí. Bí kò bá jẹ́ 47,279.80, ẹ wo P/Y ná kẹ́ ẹ tó dá a padà.