Mọ́tò oníná tuntun: kẹ́ ẹ dúró dìgbà tí wọ́n á pè yín wá wà á wò, àbí kẹ́ ẹ gba ibòmíì?

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi dúró kí n tó lè jókòó sídìí sìtíárìnì mọ́tò oníná tí mo fẹ́ rà. Wọ́n ní ẹyọ kan ṣoṣo làwọn ní táwọn èèyàn fi ń wà wò, pé ó ṣì wà níbòmíì, pé àwọn á pè mí. Ìgbà tí wọ́n wá pè mí lóòótọ́, ìṣẹ́jú 20 ni wọ́n fún mi, sélúmáànì jókòó tì mí ó ń sọ̀rọ̀ láìdákẹ́, ọ̀nà kan náà tí wọ́n ń mú gbogbo èèyàn gbà la gbà, a yà sọ́tùn-ún lẹ́ẹ̀mẹta, a ti padà dé. Inú mi dùn o. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá bi mí pé kí ni mo wá mọ̀ nípa mọ́tò yẹn tí mi ò mọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, pé ó ń sáré ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo mọ́tò oníná ló sì ń sáré.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti forúkọ sílẹ̀ tẹ́ ẹ ń wo fóònù báyìí, ẹ̀yin ni mo torí ẹ̀ kọ eléyìí. Ọ̀nà mẹ́rin ni mo rí: kẹ́ ẹ dúró de tiwọn, kẹ́ ẹ sanwó sílẹ̀ láì tíì wà á, kẹ́ ẹ wá ìbejì mọ́tò náà wà, tàbí kẹ́ ẹ rẹ́ǹtì fọ́jọ́ méjì. Wọn ò dọ́gba rárá.

Dídúró àti dìpọ́sìtì

Ohun tí dídúró fi dáa ni pé mọ́tò tẹ́ ẹ máa rà gan-an lẹ máa jókòó sí. Ẹ wo bátìrì, abẹ́ ẹsẹ̀ yín níbẹ̀ ni wọ́n tẹ́ ẹ sí nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò oníná, ìyẹn ló fi jẹ́ pé ilẹ̀ ẹ̀yìn máa ń ga sókè díẹ̀, tẹ́ni tó ga bá jókòó síbẹ̀ orúnkún ẹ̀ á fẹ́ẹ̀ kan àyà. Kò sí fọ́tò tó máa sọ ìyẹn fún yín, dìpọ́sìtì náà ò lè sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n mi ò ní pe ẹni tó sanwó sílẹ̀ ní òmùgọ̀. Oṣù kẹta ọdún 2016 tí Tesla fi Model 3 hàn fáyé, àwọn èèyàn ti tò síwájú ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n tó rí mọ́tò náà pàápàá, kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan àwọn tó ti san dìpọ́sìtì ti lé ní 300,000, kò sì sẹ́ni tó tíì wà á nínú wọn. Oṣù keje ọdún 2017 ni wọ́n tó fa 30 àkọ́kọ́ lé àwọn tó ni ín lọ́wọ́. Ohun tó gba àwọn yẹn ni pé owó ọ̀hún ṣeé gbà padà. Tó bá ṣeé gbà padà, ààyè lórí ìlà lẹ rà, ẹ ò tíì ra mọ́tò, ẹ lè san án kẹ́ ẹ sì tún máa dúró. Èyí tó ń dun èèyàn ni ti ibi tí wọ́n á ti ní ó ṣeé gbà padà, àmọ́ bẹ́ ẹ bá ti mú àwọ̀ tẹ́ ẹ fọwọ́ síwèé báyìí, ó parí nìyẹn. Ẹ bi wọ́n ọjọ́ tó máa yí padà, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín.

Ìbejì ẹ̀ ńkọ́?

Èyí lọ̀pọ̀ èèyàn kì í rò dé. Mọ́tò oníná púpọ̀ ló jẹ́ pé ìsàlẹ̀ kan náà ni wọ́n kàn wọ́n lé. Hyundai Ioniq 5 àti Kia EV6, ìsàlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní E-GMP ló gbé àwọn méjèèjì. Volkswagen ID.4 àti Skoda Enyaq, MEB ni tiwọn. Toyota bZ4X àti Subaru Solterra ní tiwọn, Táyé àti Kẹ́hìndé ni, tí wọ́n bá bo orúkọ tó wà níwájú ẹ̀ ẹ máa wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Torí náà tí èyí tẹ́ ẹ ń dúró dè ò bá tíì dé, ìkejì ẹ̀ lè wà ní ṣọ́ọ̀bù míì kó máa gba eruku. Bó ṣe ń gba ṣáàjì, bó ṣe ń gbéra, ẹ máa mọ̀ ọ́n dáadáa látara ìbejì ẹ̀. Àga, sikirín, bó ṣe ń jó tó bá kó sí kòtò, ẹ má fìyẹn wé o. EV6 kúrú ju Ioniq 5 lọ pẹ̀lú bíi sẹ̀ǹtímítà 5, ẹni tó bá ga máa mọ̀ ọ́n lórí.

Rírẹ́ǹtì, èyí tó là mí lójú

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20 yẹn, nígbà tó ku díẹ̀ kí n sanwó, ni mo rẹ́ǹtì ìbejì ẹ̀ fọ́jọ́ méjì. Ẹ rántí pé tẹ́ ẹ bá ti gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́rọ́tù, mọ́tò oníná á máa dá ara ẹ̀ dúró, á sì máa dá iná padà sínú bátìrì. Ọjọ́ tí mo wà á pẹ̀lú sélúmáànì, mo gbádùn ẹ̀ débi pé mo ní mi ò ní tẹ bíréèkì mọ́ láyé. Ọjọ́ tí mo rẹ́ǹtì, ìyàwó mi wà lẹ́yìn. A ò tíì rìn jìnnà tó fi fọwọ́ bo ẹnu, ó ní kí n dúró, èébì ń gbé òun. Gbogbo ìgbà tí mo bá gbẹ́sẹ̀ kúrò ni orí ẹ̀ ń lọ síwájú tó ń padà bíi ti ẹyẹlé tó ń rìn. Mo páàkì, mo wá ibi tí wọ́n ti ń dín bó ṣe ń dá ara ẹ̀ dúró kù lórí sikirín, mo dín in, ara ẹ̀ balẹ̀. Sélúmáànì ò sọ fún mi pé ó ṣeé dín kù, èmi náà ò sì bi í.

Ọ̀nà márosẹ̀ ló kàn. Nọ́ńbà kìlómítà WLTP tí wọ́n ń kọ sínú ìpolówó yẹn, ìyẹn ibi tí mọ́tò lè rìn dé tí bátìrì bá kún, inú ìdánwò ìṣẹ́jú 30 ló ti wá, nǹkan bíi kìlómítà 23 ni gbogbo ẹ̀, tẹ́ ẹ bá sì pín eré ẹ̀ dọ́gba kò ju bíi kìlómítà 46 ní wákàtí kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sá 120, nọ́ńbà yẹn kì í ṣe tiyín, torí teré bá di ìlọ́po méjì, bí atẹ́gùn ṣe ń ti mọ́tò sẹ́yìn á di ìlọ́po mẹ́rin.

Ṣáàjì náà, ẹ fojú ara yín rí i. Hyundai ní Ioniq 5 lè ti 10% dé 80% ní ìṣẹ́jú 18, àmọ́ ṣájà 350 kW ni wọ́n ń sọ (kW ni wọ́n fi ń wọn bí iná ṣe ń yára wọlé tó), tẹ́ ẹ bá sì kọjá 80% iná á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé díẹ̀díẹ̀. Nílé, mo ki wáyà ẹ̀ bọ ṣọ́kẹ́ẹ̀tì lásán tó ń gbé 2.3 kW láago mẹ́wàá alẹ́, ó wà ní 31%. Mo jí láago méje, mo sáré lọ wò ó: 54%. Wákàtí mẹ́sàn-án gbáko! Ẹni tó bá ń rin ìrìn kékeré lójúmọ́, ìyẹn tó o, àmọ́ èmi tí mo rò pé bíi ti fóònù ló máa rí, mo kàn dúró níbẹ̀ mò ń wò ó ni.

Àléébù rírẹ́ǹtì ni pé owó yín ló ń lọ, tẹ́ ẹ ò bá sì béèrè wọ́n lè gbé èyí tó ti pẹ́, tí bátìrì ẹ̀ kéré sí tiyín, fún yín.

Tó bá jẹ́ èmi ni mo tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀, máa san dìpọ́sìtì tó ṣeé gbà padà, máa rẹ́ǹtì ìbejì ẹ̀ níbi tí mo ti ń dúró, tí wọ́n bá wá pè mí, eré kọ́ ni máa fi ìṣẹ́jú 20 náà sá. Máa jókòó sẹ́yìn, máa gbé báàgì tí mo gbé wá láti ilé sínú búùtù, máa so fóònù mi mọ́ ọn, máa sì ní kí sélúmáànì jọ̀ọ́ dákẹ́ díẹ̀ kí n gbọ́ ariwo táyà.

Sélúmáànì tún pè mí lánàá, ó ní èyí tó funfun ti dé, ṣé kóun kọ orúkọ mi sí i. Mo ní ó dáa, mò ń bọ̀, àmọ́ ìyàwó mi ló máa kọ́kọ́ jókòó sẹ́yìn.