FibroScan fún ẹ̀dọ̀ tí ọ̀rá ti kún: ó dáa gan-an, àmọ́ ẹ mọ ohun tí kò lè rí

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹni tí wọ́n bá ti sọ fún pé ọ̀rá wà nínú ẹ̀dọ̀ ẹ̀, pàápàá tó bá tún ní ìtọ̀ ṣúgà tàbí tí ikùn ẹ̀ tóbi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ka èyí dáadáa. Ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì gbà pé ọtí àti hẹpatáítíìsì nìkan ló ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀, kò rí bẹ́ẹ̀ o, ọ̀rá yìí náà ń fà á, ẹni tí ò fẹnu kan ọtí rí gan-an lè bá a pàdé. Ọ̀rá ọ̀hún á máa ṣe ẹ̀dọ̀ léṣe díẹ̀díẹ̀, ibi tó ṣe léṣe á di àpá, àpá á máa gun orí àpá títí ẹ̀dọ̀ á fi le gbagidi, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní síróósì, ibẹ̀ sì ni jẹjẹrẹ ti sábà máa ń yọjú. Ọdún gbọọrọ lè kọjá lórí ẹ̀ kí ara má sọ nǹkan kan.

FibroScan jẹ́ ẹ̀rọ àyẹ̀wò, iṣẹ́ ẹ̀ ni pé ó ń wọn bí ẹ̀dọ̀ ṣe le tó. Ẹ ò ní jẹun fún wákàtí 3, ẹ á fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ á ká ọwọ́ ọ̀tún sẹ́yìn orí, wọ́n á fi jẹ́ẹ̀lì sáàárín egungun ìhà lápá ọ̀tún, wọ́n á wá gbé orí ẹ̀rọ náà tì í, á máa ta yín pẹ́ pẹ́ bí ẹni ń fi ìka ta nǹkan, ó kéré tán ìgbà 10. Kò sí abẹ́rẹ́, kò sí ìrora, kì í sì í pẹ́. Ẹni tó bá sanra kó béèrè orí ẹ̀rọ tó tóbi tí wọ́n ń pè ní XL, torí ọ̀rá abẹ́ awọ lè má jẹ́ kí orí M, èyí tí wọ́n sábà máa ń lò, wọn ẹ̀dọ̀ dáadáa. Ibi tí mo ti ṣe é ní in, obìnrin tó ṣe é fún mi sì fara balẹ̀ ṣe é, mo gbóríyìn fún un.

Ibi tó ti dùn mí ni ìwé èsì. Wọ́n kàn fà á lé mi lọ́wọ́ ni, ẹnikẹ́ni ò ṣàlàyé. Nọ́ńbà méjì ló máa ń wà níbẹ̀: CAP ń sọ bí ọ̀rá ṣe pọ̀ tó, kPa ń sọ bí ẹ̀dọ̀ ṣe le tó. CAP ló ń já gbogbo èèyàn láyà, bẹ́ẹ̀ kPa gan-an ló yẹ ká kọ́kọ́ wò, torí àpá ló ń sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ ju ọ̀rá lọ. Tí kPa ò bá tó 8, àpá tó pọ̀ ò sábà sí níbẹ̀, tó bá ti ju 12 lọ, ẹ wá dókítà ẹ̀dọ̀ kíákíá. Ẹ̀dọ̀ tó wú tàbí oúnjẹ tẹ́ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ lè gbé kPa sókè lásán o.

Ohun tó ká mi lára jù rèé: FibroScan kì í ya fọ́tò, kò lè rí kókó jẹjẹrẹ. Ẹni tó bá ti ní síróósì, àyẹ̀wò ultrasound tó ń ya àwòrán inú ẹ̀dọ̀ ló gbọ́dọ̀ máa ṣe ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà, wọ́n sábà máa ń fi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní AFP kún un, torí jẹjẹrẹ tí wọ́n bá rí nígbà tó ṣì kéré ṣeé tọ́jú. Ti ẹ̀dọ̀ ọlọ́ràá yìí tún burú lọ́nà kan, ó máa ń di jẹjẹrẹ lára àwọn kan tí wọn ò tíì ní síróósì rárá, nítorí náà nọ́ńbà tó kéré ò ní kéèyàn lọ sùn.

Kẹ́ẹ tó lọ ṣe é, ẹ ní kí dókítà bá yín ṣírò FIB-4 ná, ìyẹn ìṣirò tó ń sọ bóyá àpá ti lè wà nínú ẹ̀dọ̀, ọjọ́ orí, AST àti ALT (èròjà ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń wọ̀n nínú ẹ̀jẹ̀) àti plátílẹ́ẹ̀tì (àwọn èròjà tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì) ni wọ́n fi ń ṣe é, tí kò bá tó 1.3, ó lè má pọn dandan kẹ́ẹ ṣe skáànù báyìí.

Máàkì 4 nínú 5 ni mo fún un, àìṣàlàyé ló gba ìkan tó kù. Dókítà mi ní tí mo bá lè dín ìwọ̀n ara mi kù ní ìdá 7 sí 10 nínú 100, ẹ̀dọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbádùn, mo ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, màá sì padà lọ wọ̀n ọ́n.