Ẹ̀fọ́ lórí omi ẹja: òkúta wẹ́wẹ́ tàbí fóòmù?

Tẹ́ ẹ bá ń sin ẹja àrọ̀ l'Ábẹ́òkúta, tẹ́ ẹ fẹ́ fi omi kan náà gbin ẹ̀fọ́, kẹ́ ẹ gbìn ín sínú òkúta wẹ́wẹ́ ni mo fara mọ́ ju kẹ́ ẹ gbìn ín sórí fóòmù tó ń léfòó lórí omi lọ. Ara òkúta làwọn kòkòrò tíntìntín tó ń sọ ìdọ̀tí ẹja di oúnjẹ ewéko ń gbé. Òkúta yìí náà ló tún ń sẹ́ omi. Ẹni tó lo fóòmù gbọ́dọ̀ wá asẹ́ mìíràn. Àmọ́ tí iná bá lọ, tí ẹ̀rọ tó ń fa omi bá dúró, inú omi ni gbòǹgbò abẹ́ fóòmù ṣì máa wà, tinú òkúta á máa gbẹ.

Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó ra òkúta, ẹ fọ́ ọ̀kan, kẹ́ ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Tó bá ń hó ṣùùṣùù, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì l'Éwékorò ni. Tẹ́ ẹ bá lò ó, ewé ẹ̀fọ́ yín á máa pọ́n.