Ajílẹ̀ ìdajì owó tí wọ́n ń fi fóònù pín (GES): bó ṣe rí fún èmi àgbẹ̀ àgbàdo

Ṣé ẹ rántí GES (Growth Enhancement Support), ètò ajílẹ̀ ìdajì owó tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2012, nígbà tí Akínwùmí Adésínà jẹ́ mínísítà iṣẹ́ ọ̀gbìn? Mo jẹ níbẹ̀, mo sì fẹ́ sọ bó ṣe rí gan-an torí àwọn tó ń yìn ín pọ̀, àwọn tó ń bú u náà pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì roko rí.

Àgbàdo àti gbágùúdá ni mo ń gbìn lápá Òkè-Ògùn. Kó tó di 2012, ìjọba fúnra ẹ̀ ló ń ra ajílẹ̀ tó sì ń pín in, kó tó dé ọ̀dọ̀ wa ó ti di tàwọn olóṣèlú àtàwọn oníṣòwò, ọjà la ti máa ń padà rà á lówó gọbọi. Mínísítà yẹn sọ pé àgbẹ̀ 11 nínú 100 ló ń rí i gbà, tá a bá ní ká ka abúlé tèmi kò tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

GES wá ní kó o forúkọ sílẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù ẹ, tó bá tó àkókò mẹ́séèjì á wọlé, wàá gbé fóònù lọ bá dílà tí wọ́n yàn, wàá san ìdajì owó àpò ajílẹ̀ méjì, NPK kan, yùríà kan, ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ á pín ìdajì tó kù san. Ọjọ́ tí mẹ́séèjì àkọ́kọ́ wọlé, oko ni mo wà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á. Kì í ṣe tìtorí owó nìkan o, orúkọ tèmi ló wà níbẹ̀, mi ò bẹ ẹnì kankan ní wọ́ọ̀dù.

Ibi tó ti dùn mí ni àsìkò. Àgbàdo kì í dúró deni, NPK gbọ́dọ̀ wọlẹ̀ ní bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta tó bá hù, yùríà ní bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí mẹ́fà. Lọ́dún kejì mẹ́séèjì pẹ́, nígbà tó dé mo gun ọ̀kadà lọ bá dílà, ó ní kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, mo padà lọ lọ́jọ́ kejì, ó ní NPK ti tán, ẹ̀ẹ̀kẹta ló tó gbé e fún mi, ó tún gba owó alábàárù lé e, owó ọ̀kadà yẹn nìkan ti jẹ èrè mi tán. Kí n tó gbé àpò délé àgbàdo ti ń yọ ìrùkẹ̀rẹ̀. Mo dà á sí i náà, koríko ló jẹ ẹ́.

Ìyá mi tún nìyẹn, wọ́n ní oko tiwọn àmọ́ wọn ò ní fóònù. Ní 2013 tí ìjọba ní àwọn fẹ́ fún àgbẹ̀ ní fóònù mílíọ̀nù 10, gbogbo ìlú pariwo lòdì sí i, èmi ò bá wọn pariwo rárá, torí mo mọ ẹni tí kò rí àpò kan gbà nítorí pé kò ní fóònù.

Mo fún GES ní 3 nínú 5. Tí wọ́n bá tún gbé irú ẹ̀ dé, ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo máa forúkọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n màá ti fowó ara mi ra àpò NPK kan sílé kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.