LEAP-1A tàbí GTF: Ẹ́ńjìnnì Wo Ló Yẹ Ẹni Tó Fẹ́ Ra A320neo?

Ẹni tó bá fẹ́ ra Boeing 737 MAX kò ní ẹ́ńjìnnì kankan láti yàn: LEAP-1B nìkan ni wọ́n ń so mọ́ ọn. Ẹni tó bá fẹ́ Airbus A220 tàbí Embraer E2, ẹ́ńjìnnì Pratt & Whitney tí wọ́n ń pè ní GTF ló máa bá lábẹ́ apá rẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ A320neo ti Airbus lẹ fẹ́, ìbéèrè kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ dáhùn kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé: ṣé LEAP-1A ti CFM ni, àbí PW1100G-JM, ìyẹn GTF ti Pratt & Whitney? Ọkọ̀ kan náà ni, ìjókòó kan náà, awakọ̀ kan náà ló lè wa méjèèjì. Àmọ́ èyí tẹ́ ẹ bá mú lẹ máa bá yí títí ọkọ̀ náà á fi dàgbà.

Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ibi tí mo dúró sí. Àwọn tó ń ta ẹ́ńjìnnì máa ń fi epo polówó ọjà. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ epo kọ́ ló yẹ kó pinnu. Iye ọjọ́ tí ẹ́ńjìnnì fi máa wà lábẹ́ apá ọkọ̀ kó tó di pé wọ́n tú u lọ sí ilé àtúnṣe ni kẹ́ ẹ wò, torí ibẹ̀ ni owó ti ń wọlé, ibẹ̀ náà ló sì ti ń jò.

Ohun tí àwọn méjèèjì jọ ń lé

Afẹ́fẹ́ tó bá gba iwájú ẹ́ńjìnnì wọlé máa ń pín sí ọ̀nà méjì. Díẹ̀ nínú rẹ̀ á wọ àárín lọ, kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ á fún un pọ̀, epo á bá a níbẹ̀, yóò jóná, yóò sì yí tọ́báìnì. Èyí tó pọ̀ jù kì í fojú kan iná rárá. Fáànù ńlá iwájú ló ń gbá a gba ẹ̀gbẹ́ jáde sẹ́yìn, òun gan-an ló sì ń ti ọkọ̀ síwájú jù. Conway ti Rolls-Royce, tó wà lára àwọn àkọ́kọ́ irú ẹ́ńjìnnì yìí tó kó èrò, ní ọdún 1960, afẹ́fẹ́ tó ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò tó ìdajì èyí tó ń wọ àárín. Nígbà tí Nigeria Airways ń fi Boeing 737-200 fò, ẹ́ńjìnnì JT8D rẹ̀ ń pín afẹ́fẹ́ bí ẹní pín in sọ́gbọọgba. Lónìí, bí ìwọ̀n kan bá wọ àárín LEAP-1A, ìwọ̀n mọ́kànlá ló ń gba ẹ̀gbẹ́. Ti GTF lé ní méjìlá.

Ìdí tí wọ́n fi ń lé èyí kò le. Ẹni tó ń fi ẹnu fẹ́ iná, agbára rẹ̀ á tán kí igi tó ràn, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ju abẹ̀bẹ̀ ńlá jẹ́jẹ́ á ṣe é dójú àmì láìmí hẹlẹ. Kéèyàn ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ ní pẹ̀lẹ́ ń jẹ epo kéré ju kéèyàn ti díẹ̀ ní eré àsápajúdé lọ, ariwo rẹ̀ sì ń dín kù. Àwọn tó gbé Máfolúkù tàbí Àjàò Estate láyé ìgbà tí BAC 1-11 ń gbéra ní Ìkẹjà mọ ohun tí mò ń sọ.

Àgbá tó yí fáànù ká kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Òun ni kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ yọ́ gba etí bíléèdì, ìyẹn ewé fáànù, sá, òun ló ń gbé ariwo mì, bí bíléèdì kan bá sì já, òun ló máa dá a dúró kó má baà dé ara ọkọ̀. Ṣùgbọ́n bí fáànù bá ṣe ń tóbi ni àgbá ń wúwo, tó sì ń kọ lu afẹ́fẹ́ níwájú. Fáànù kò lè máa tóbi lọ láìní òpin.

Wàhálà kejì ló pín àwọn ilé-iṣẹ́ méjèèjì níyà. Fáànù ńlá ò fẹ́ eré, torí etí bíléèdì rẹ̀ á ti máa sáré ju bó ṣe yẹ. Tọ́báìnì tó ń yí i ní tirẹ̀, eré ló fẹ́. Ọ̀pá kan náà ló sì so wọ́n pọ̀.

GTF: wọ́n fi gíà sáàárín

Pratt & Whitney ní kí kálukú máa sá eré tirẹ̀. Wọ́n fi àpótí gíà sáàárín ọ̀pá àti fáànù, tí fáànù fi ń yí lẹ́ẹ̀kan nígbà tí tọ́báìnì bá ti yí tó ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Nítorí pé tọ́báìnì yẹn rí eré tó fẹ́, ìpele bíléèdì mẹ́ta péré ló nílò. LEAP-1A ní méje. Ẹ ro iye bíléèdì tí ìyàtọ̀ yẹn yọ kúrò nínú ẹ́ńjìnnì kan, àti iye owó tó wà lórí bíléèdì kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀pọ̀ ẹnjiníà ló bẹ̀rù gíà náà nígbà tó jáde. Wọ́n ní agbára tó ń gbà á kọjá ti pọ̀ jù, pé yóò gbóná, pé eyín rẹ̀ á jẹ. Ẹni tó bá ń ka ìtàn GTF lónìí á rí i pé gíà kọ́ ló dá wàhálà sílẹ̀. Ó ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ṣèlérí. Mo ń tẹnu mọ́ èyí nítorí àwọn kan ṣì ń fi gíà dẹ́rù ba olùrajà, ohun tó sì yẹ kí wọ́n máa bi olùtajà wà níbòmíràn pátápátá.

LEAP: ohun èlò ni wọ́n yí padà

CFM, tí GE ti Amẹ́ríkà àti Safran ti Faransé (Snecma ni orúkọ rẹ̀ nígbà náà) jọ ni láti ọdún 1974, fi ọ̀pá náà sílẹ̀ bó ṣe wà. Ohun tí wọ́n fi ṣe ẹ́ńjìnnì ni wọ́n yí padà. Bẹ́ ẹ bá dúró níwájú LEAP-1A lórí pápá, ẹ máa rí bíléèdì dúdú, fẹ̀ǹfẹ̀, tó lọ́ bí ẹní fọwọ́ yí i, pẹ̀lú irin titanium tó ń dán létí iwájú. Ẹ kà á: méjìdínlógún ni. CFM56-5B tó wà lára A320 àtijọ́ ní mẹ́rìndínlógójì. Okùn carbon ni wọ́n hun ní apá gbogbo bí aṣọ, wọ́n wá fún oje resin sínú rẹ̀ nínú mọ́ọ̀dù, ó sì le tó láti gba ẹyẹ láìfọ́. Àgbá tó yí fáànù ká náà, carbon ni.

Nínú lọ́hùn-ún, ẹnu tó ń tú epo sínú iná, tí wọ́n máa ń fi nǹkan bí ogún ẹ̀yà jó pọ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé irin ló ń tẹ̀ ẹ́ jáde lódindi báyìí, ó sì fi ìdá kan nínú mẹ́rin fúyẹ́ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Òrùka tó yí tọ́báìnì àkọ́kọ́ ká, amọ̀ líle tí wọ́n fi okùn kún ni, tó lè fara da ooru tí irin ò lè fara dà.

Ìyẹn ló mú kí àárín LEAP gbóná gan-an, kí ó sì fún afẹ́fẹ́ pọ̀ púpọ̀: kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ rẹ̀ onípele mẹ́wàá ń sọ ìwọ̀n ìfúnpá di ìlọ́po 22. Ooru yẹn ni èrè rẹ̀, òun náà sì ni ibi tí ó ti ń ṣàárẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹ ó ṣe rí i nísàlẹ̀.

| | LEAP-1A | PW1100G-JM |
|---|---|---|
| Ọdún tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ | 2016 (Pegasus, Tọ́kì) | 2016 (Lufthansa, Jámánì) |
| Ìbú fáànù | íǹṣì 78 | íǹṣì 81 |
| Bíléèdì fáànù | 18, carbon | 20, àlùmíníọ̀mù àdàpọ̀ |
| Gíà | kò sí | ó wà |
| Ìpele tọ́báìnì tó ń yí fáànù | 7 | 3 |
| Epo tí wọ́n ní ó dín kù | 15% | 16% |

Ẹ wo ìlà tó gbẹ̀yìn yẹn dáadáa. Ẹnu olùtajà ni iye méjèèjì ti wá, ẹ́ńjìnnì ìran tó ṣáájú sì ni wọ́n fi wọ́n wé. Ìyàtọ̀ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún kì í ṣe nǹkan kékeré fún ilé-iṣẹ́ tó ń fò lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó jókòó sílẹ̀ fún oṣù kan péré máa jẹ owó tí epo bá yín fi pamọ́ tán, yóò sì tún béèrè sí i.

Ibi tí bàtà ti ta GTF lẹ́sẹ̀

Qatar Airways ló yẹ kó kọ́kọ́ gba A320neo onígíà, ṣùgbọ́n Lufthansa ló padà gbà á ní oṣù kìíní ọdún 2016. Lákòókò náà, bí wọ́n bá pa ẹ́ńjìnnì yẹn, òkè ọ̀pá rẹ̀ máa ń gbóná ju ìsàlẹ̀ lọ, ọ̀pá á sì tẹ díẹ̀. Awakọ̀ gbọ́dọ̀ máa yí i lásán títí yóò fi tọ́ kó tó taná sí i. Níbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, títan ẹ́ńjìnnì lè gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, ohun tó ń da ètò gbogbo pápá rú. Wọ́n tún un ṣe.

Èyí tó burú jù dé ní ọdún 2023. Àwọn àwo irin tó di bíléèdì tọ́báìnì mú, ìyẹ̀fun irin ni wọ́n fi ń ṣe wọ́n. Àyẹ̀wò fi hàn pé ìdọ̀tí tín-tìn-tín ti bọ́ sínú ìyẹ̀fun tí wọ́n lò láti ìparí ọdún 2015 títí di ọdún 2021, ó sì lè bí ìlà fífọ́ nínú àwo náà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, RTX tó ni Pratt & Whitney kéde pé ẹ́ńjìnnì 600 sí 700, ju iye tí wọ́n retí tẹ́lẹ̀ lọ, máa kúrò lábẹ́ apá ọkọ̀ fún àyẹ̀wò láàárín ọdún 2023 sí 2026, àti pé kíkó ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ sí ilé àtúnṣe àti mímú un bọ̀ lè gba 250 sí 300 ọjọ́. Ẹ tún un kà. Ó lé ní oṣù mẹ́jọ fún ẹ́ńjìnnì kan. Ṣáájú ìgbà yẹn, ní oṣù karùn-ún ọdún kan náà, Go First ti Íńdíà ti wọ ilé ẹjọ́ pé òun kò lè san gbèsè mọ́, ó sì di ẹ̀bi ru ẹ́ńjìnnì yìí, torí nǹkan bí ìdajì ọkọ̀ rẹ̀ ló jókòó sílẹ̀.

Ẹ̀dà tuntun ti dé, GTF Advantage, tí FAA, àjọ tó ń ṣàkóso ọkọ̀ òfurufú ní Amẹ́ríkà, fún ní ìwé àṣẹ ní oṣù kejì ọdún 2025. Agbára ìgbéra rẹ̀ pọ̀ sí i, Pratt sì ní àárín rẹ̀ á pẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí wọ́n bá ń ta GTF fún yín lónìí, Advantage ni kẹ́ ẹ béèrè.

Eruku ọyẹ́ ni ọ̀tá LEAP

LEAP náà ò mọ́ láìlábàwọ́n. Níbi tí oòrùn ti mú, tí eruku sì pọ̀, bíléèdì tọ́báìnì rẹ̀ ń gbó kíákíá ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Eruku tí ẹ́ńjìnnì fà wọlé máa ń yọ́ nínú ooru ọ̀hún, á lẹ̀ mọ́ ara bíléèdì bíi díńgí, á sì dí àwọn ihò kéékèèké tí afẹ́fẹ́ tútù ń gbà jáde. Ẹ̀rọ GTF náà ń jìyà eruku, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kan ẹ tààrà bó bá jẹ́ pé Kánò, Sókótó tàbí Màídúgùrì lọkọ̀ yín máa ń lọ láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kejì. Epo tó gbẹ sí ẹnu ibi tí epo ń gbà tú náà wà lára ìṣòro LEAP. Wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ kan kún un tó ń dènà rẹ̀.

Ní ìparí ọdún 2024, CFM gba àṣẹ fún bíléèdì tọ́báìnì tuntun fún LEAP-1A, wọ́n ní yóò jẹ́ kó pẹ́ lábẹ́ apá bíi CFM56 àtijọ́ tí gbogbo ayé mọ̀ sí alágbára. Ẹ má ra LEAP-1A àlòkù láìbéèrè bóyá bíléèdì tuntun yìí ti wà nínú rẹ̀. Kí ẹ tún béèrè iye owó fífọ inú ẹ́ńjìnnì déédéé. Ilé-iṣẹ́ tó bá ń fọ̀ ọ́ lásìkò ọyẹ́ máa rí èrè rẹ̀.

Bí ọkọ̀ yín bá kéré

Níbí, kò sí ìjà. Air Peace ló kọ́kọ́ gba E195-E2 ní Áfíríkà, ní oṣù kìíní ọdún 2021, Ibom Air náà sì fọwọ́ sí ríra A220 mẹ́wàá ní Dubai ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà. Àbúrò PW1100G ló ń gbé irú ọkọ̀ méjèèjì, fáànù wọn jẹ́ íǹṣì 73. Fún ọ̀nà tí èrò rẹ̀ kò kún A320, ọkọ̀ tó dára ni wọ́n, ariwo wọn kéré lọ́nà tó ya àwọn aládùúgbò pápá lẹ́nu. Ẹ́ńjìnnì náà ni kẹ́ ẹ fi ìwé àdéhùn ṣọ́.

Àwọn kan ń ní kí a dúró de fáànù tí kò ní àgbá, èyí tí CFM kéde lábẹ́ orúkọ RISE ní ọdún 2021. Nǹkan bí ọdún 2035 ni wọ́n ń fojú sùn. Ẹni tó ní èrò láti kó lónìí kò lè dúró dè é.

Èyí tí màá mú, àti ohun tí màá kọ sínú ìwé

Bí owó bá wà lọ́wọ́ mi fún A320neo tó máa fi Èkó ṣe ibùdó, LEAP-1A oníbíléèdì tuntun ni màá mú. Kì í ṣe torí pé ó dára ju GTF lọ nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ, nítorí lójú tèmi gíà yẹn ni èrò tó jinlẹ̀ jù nínú àwọn méjèèjì. Ilé àtúnṣe LEAP ló pọ̀, Safran sì ti kéde ní ọdún 2024 pé òun máa kọ́ ọ̀kan sí Casablanca ní Mòrókò. Láti Èkó, ìyẹn sún mọ́ wa ju Poland tí EME Aero ti ń tún GTF ṣe lọ. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá gbé Advantage wá pẹ̀lú àdéhùn tó múná, màá jókòó gbọ́ wọn.

Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá mú, ẹ má ṣe san owó wákàtí ìfò (owó ìtọ́jú tí wọ́n ń gbà lórí wákàtí kọ̀ọ̀kan tí ẹ́ńjìnnì bá fi fò) fún olùṣe ẹ́ńjìnnì láìkọ ọ́ sílẹ̀ pé tí ẹ́ńjìnnì bá kọjá iye ọjọ́ báyìí ní ilé àtúnṣe, àwọn ni wọ́n máa háyà òmíràn fún yín, lówó ara wọn. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì àfikún kan wà fún yín, tó jẹ́ tiyín, kì í ṣe ìlérí. Bó bá sì jẹ́ GTF àlòkù, kí ẹ gba nọ́ńbà gbogbo àwo tọ́báìnì rẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe wọ́n lákọsílẹ̀, kí ẹnjiníà yín fi ojú ara rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, kí kọ́bọ̀ kankan tó kúrò lọ́wọ́ yín.